Ẹ Jẹ́ Kí Ẹnu Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣiṣẹ́

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí bí a ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èdè nínú kíláàsì, pàápàá èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí irú ọmọ kan wà tó ti pọ̀ láàrin wa báyìí, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, títí dé Àkúrẹ́. Ọmọ ọdún 11 ni. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ Yorùbá láti kíláàsì kìíní. Ẹ bi í léèrè iye ohùn tó wà nínú èdè Yorùbá, á ní mẹ́ta ni, á sì kà wọ́n fún yín: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀. Máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò dára. Ṣùgbọ́n kí ìyá àgbà pè é lórí fóònù, kí wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé o ti jẹun?" Èsì tó máa jáde ni "Yes, Grandma." Ìyá àgbà á tún béèrè ohun tó jẹ. Ọmọ á wo ojú màmá rẹ̀. Màmá á gba fóònù, á bá a dáhùn. Gbogbo ohun tí ìyá àgbà sọ pátá ló yé ọmọ yìí o. Èsì ni kò sí lẹ́nu rẹ̀.

Bí ẹ bá bi àwọn òbí, wọ́n á ní ọmọ ń tijú. Bí ẹ bá bi olùkọ́, á ní wọn ò sọ Yorùbá sí i nílé. Òótọ́ wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ inú kíláàsì gan-an wò, ká ṣírò iye ìgbà tí ọmọ fi ń la ẹnu níbẹ̀.

Ká ní ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n fún iṣẹ́ Yorùbá, ọmọ 50 ló sì wà ní kíláàsì. Tíṣà wọlé, wọ́n kí i. Ó kọ àkọlé sójú pátákó, ó ṣàlàyé, ó ní kí wọ́n dà á kọ. Bí èyí bá gba ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 10 ló kù. Tíṣà wá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n dìde dáhùn. Ẹ pín ìṣẹ́jú 10 sọ́nà 50, ìṣẹ́jú àáyá 12 ló máa kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí lèèyàn fẹ́ sọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá 12 ju "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ? Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wáyé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọmọ náà ò sọ Yorùbá tó ìṣẹ́jú kan láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì.

Tíṣà yìí kan náà ì bá pín wọn ní méjì-méjì, kí wọ́n kọjú síra wọn fún ìṣẹ́jú 10 yẹn. Ọmọ 25 ni yóò máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú 5 gbáko ni yóò sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí owó tó jáde, ìjọba ò kọ́ kíláàsì tuntun, tíṣà ò sì pè fún ìrànlọ́wọ́. Ìlọ́po 25 ni ẹnu ọmọ fi ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé bí ọmọ bá ti ń gbọ́ èdè dáadáa, bó pẹ́ bó yá, yóò sọ ọ́. Ohun tí wọ́n rò ní Kánádà náà nìyẹn. Ní 1965, ní Saint-Lambert lẹ́bàá Montreal, àwọn òbí kan tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì rọ àwọn aláṣẹ ilé-ìwé pé kí wọ́n fi èdè Faransé kọ́ àwọn ọmọ wọn láti jẹ́léósinmi. Wọ́n gbà fún wọn. Faransé ni tíṣà ń sọ láàárọ̀, Faransé ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, Faransé ni wọ́n fi ń kọrin. Ètò náà yọrí sí rere débi pé ó tàn ká gbogbo Kánádà. Ṣùgbọ́n ní 1985, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Merrill Swain, tó ń ṣiṣẹ́ ní Toronto, gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí àwọn olùkọ́ èdè ò tíì sọ tán títí dòní. Ó ní àwọn ọmọ tó ti pẹ́ nínú irú ètò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ọmọ Faransé bó bá di ká gbọ́ ọ̀rọ̀ kó yéni, àmọ́ bí wọ́n bá la ẹnu báyìí, àṣìṣe gírámà á máa jáde níbi tí ọmọ onílẹ̀ ò ti jẹ́ ṣì í. Ohun tó rí sí i ni pé wọ́n ń gbọ́ púpọ̀, wọn ò sọ púpọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì fi dandan mú wọn láti sọ ọ̀rọ̀ tó gùn, tó sì péye.

Ìdí rẹ̀ yé mi dáadáa bí mo bá fi Yorùbá wò ó. Ẹ sọ fún ọmọ pé, "Lọ bá mi mú abọ́ tó wà lórí tábìlì yẹn wá." Ọmọ tó gbọ́ "abọ́" àti "tábìlì" nìkan, tó sì rí ibi tí ẹ nàka sí, á gbé abọ́ wá. Ẹ ó rò pé gbogbo gbólóhùn yẹn ló gbọ́. Ẹ wá ní kí òun náà rán àbúrò rẹ̀ ní irú iṣẹ́ yẹn. Ó di dandan kí ó mọ ibi tí "lọ" ń gbé, kí ó mọ̀ pé "bá mi" ṣáájú "mú," àti pé "wá" ló ń gbẹ̀yìn gbólóhùn náà. Kò sí èyí tó lè fò nínú wọn. Ẹni tó ń gbọ́ lè fo nǹkan kí ọ̀rọ̀ sì yé e. Ẹni tó ń sọ kò rí ibì kankan fò. Ìgbà tí ọmọ bá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò rí lẹ́nu ara rẹ̀ ló ń mọ ohun tó kù tí òun ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ kíláàsì kan, kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjà nínná ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Tíṣà ti gé bébà pélébé-pélébé sílẹ̀ láti alẹ́ àná. Ìdajì nínú àwọn ọmọ ni aláta, ìdajì ni oníbàárà. Ohun tó wà lórí bébà aláta ni pé: "Tòmátì abọ́ kan. Pè é ní 1,500 náírà. Má ṣe tà á kó wálẹ̀ ju 1,100 lọ." Lórí ti oníbàárà: "1,300 náírà ló wà lọ́wọ́ rẹ. O gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 100 náírà kù wọkọ̀. Gba èènì bó bá ṣeé ṣe." Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wo bébà ẹnì kejì rẹ̀. Òfin kékeré yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Bí tíṣà bá gbé bírò sókè, tó ní, "Kí ni èyí?", gbogbo kíláàsì ló ń wo bírò, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ mọ̀ níbẹ̀. Aláta yìí ò mọ iye tó wà lápò oníbàárà, oníbàárà ò sì mọ ibi tí aláta máa dúró sí. Àfi kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tíṣà fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa lò: "Èló ni tòmátì yìí?" "Ó ti wọ́n jù." "Ẹ bá mi dín in kù." "Kò gbà bẹ́ẹ̀." "Èló lẹ fẹ́ san?" "Ẹ fún mi ní èènì." Ó sọ ọ́, wọ́n sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ó pa ẹnu mọ́, ó fi imú kun ohùn gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan: dò mí, rè, dò mí dò, dò mí. Gbogbo kíláàsì kùn ún. Wọ́n tún wá fi ọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀nà yìí wúlò gan-an fún ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbà lẹ́nu, nítorí etí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbá ohùn mú kí ahọ́n tó kó sí wàhálà fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì. Ọmọ tó bá mọ ìlù dùndún á ní irú eré báyìí ò ṣàjèjì sí òun.

Ó yá, ọjà ti ná. Ariwo ti sọ. (Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ kò lè dákẹ́ bíi ti ìdánwò.) Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, oníbàárà kan ti kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Èló ni tòmátì yìí?" Aláta la ẹnu, ó tún pa á dé. Iye owó wà lórí bébà rẹ̀ ní fígọ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi ń ka owó. Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún kan... àti... ọgọ́rùn-ún márùn-ún." Tíṣà wà nítòsí, ó gbọ́ ọ, kò sọ nǹkan kan. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjá lọ. Oníbàárà ní ó ti wọ́n jù. Ìnájà ń lọ.

Ọmọ yẹn ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Kò mọ orúkọ iye náà, ó fi èyí tó mọ̀ kan èyí tí kò mọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ sì gbọ́ ọ. Nígbà tí gbogbo wọn bá jókòó padà, tí tíṣà wá kọ ọ́ sójú pátákó pé "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta" ni à ń pe 500, ẹ wo ojú ọmọ náà nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní kúrò lórí rẹ̀ mọ́, torí ó ti wá a kó tó rí i. Bí tíṣà bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ìnájà láàrin ọ̀rọ̀ 20 mìíràn, ì bá kàn dà á kọ ni.

Kí wọ́n má sì ná an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo o. Kí ọmọ yí ẹnì kejì padà, kó tún un ná. Ọgbọ́n kan wà tí Paul Nation, onímọ̀ èdè ní Wellington ní New Zealand, wà lára àwọn tó tàn án káàkiri: akẹ́kọ̀ọ́ á sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnìkan fún ìṣẹ́jú 4, á sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an fún ẹlòmíràn fún ìṣẹ́jú 3, á tún sọ ọ́ fún ẹnì kẹta fún ìṣẹ́jú 2. Ọ̀rọ̀ ò yí padà, àsìkò ló ń dín kù, ẹnu á sì máa yá sí i. Fún àwọn ọmọ wa kéékèèké, ìṣẹ́jú 2, ìṣẹ́jú 1 àbọ̀, ìṣẹ́jú 1 ti tó.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àtúnṣe. Ọmọ ní, "Màmá, o ti jẹun?" Tíṣà ní, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?", ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó rò pé òun ti tún un ṣe. Ọmọ ní tirẹ̀ rò pé tíṣà gbà pẹ̀lú òun ni. Roy Lyster àti Leila Ranta jókòó sí irú kíláàsì Faransé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, lágbègbè Montreal, wọ́n sì gbé ìwádìí wọn jáde ní 1997. Wọ́n rí i pé irú àtúnṣe abẹ́lẹ̀ yìí ni àwọn olùkọ́ ń lò jù, òun náà sì ni kì í jẹ́ kí ọmọ tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe. Èyí tó ṣiṣẹ́ ni pé kí olùkọ́ dá ọ̀rọ̀ padà sí ọmọ lọ́wọ́. Kó ní, "Màmá rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn?" Kó sì dúró. Ọmọ á ronú, á ní, "Á à, Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" Òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe.

Kí olùkọ́ dúró yìí, ó nira ju bó ṣe rọrùn láti sọ lọ. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin onímọ̀ kan, Mary Budd Rowe, gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ó rí i pé bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, bí ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa ń dúró kó tó já a gbà mọ́ ọmọ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Kíláàsì sáyẹ́ǹsì nìyẹn o, níbi tí ọmọ ti ń sọ èdè tó gbọ́. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ní èdè tí ò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu á tún nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kà á sínú: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Ẹ má là á sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀rín ẹlẹ́yà ló burú jù lọ. Wọ́n ti fìyà jẹ ọ̀pọ̀ ọmọ nílé-ìwé nítorí pé ó sọ Yorùbá, wọ́n tún wá ń fi í rẹ́rìn-ín nítorí pé kò lè sọ ọ́. Ibo ló fẹ́ gbà? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ń sọ èdè Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú nílé, tó gbé e wá sí kíláàsì. Yorùbá lòun náà ń sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán, kí ẹ tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ìwé.

Àwọn bàbá wa ò ní ìwé ìlànà, síbẹ̀ wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń la ọmọ lẹ́nu. Bí apàlọ́ bá ní, "Ààlọ́ o!", ilé á gbà á pé, "Ààlọ̀!" Ọmọ tó kéré jù lọ á bá wọn gbà á, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ bí tirẹ̀ bá wọ́. Ìgboyà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù ni iṣẹ́ jíjẹ́. Bí wọ́n bá rán ọmọ sí aládùúgbò, wọ́n á ní, "Tún un sọ kí n gbọ́." Ọmọ á tún un sọ, á lọ, á sì gbé èsì bọ̀. Bí aládùúgbò bá ní, "Mò ń bọ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́," ọmọ tó gbọ́n á délé, á ní, "Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́." Ẹ wo bí "mo" ṣe di "àwọn." Bó bá ní, "Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀," ará ilé lè béèrè pé, "Àwọn wo ló ń bọ̀?" Gírámà tó le ni èyí, iṣẹ́ jíjẹ́ ló sì fi ń wọlé sí ọmọ lórí. Kí ló dé tí tíṣà kíláàsì karùn-ún ò lè rán ọmọ sí tíṣà kíláàsì kẹrin bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kí gbogbo kíláàsì dúró de èsì tó máa mú bọ̀?

Ẹ̀yin òbí tó wà nílùú òyìnbó, tí ọmọ yín ń lọ kọ́ Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní London tàbí Houston, ẹ lè lo WhatsApp bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ìbátan kan nílé, kó sì béèrè ohun tí òun ò mọ̀ lóòótọ́: iye tí wọ́n ń ta iṣu, orúkọ ọmọ tuntun tí wọ́n bí ládùúgbò. Kó wá jẹ́ iṣẹ́ náà fún yín ní Yorùbá. Ọmọ á lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, á sì tún un gbà bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àtúnsọ tí a ń wí náà nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn òbí kan pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tó dáhùn èyí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ohun gbogbo fún ọdún 6, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, wọn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdánwò. Ohun tí a ò bá fún ní máàkì, ó ṣòro kí a kọ́ ọ. Nínú ìdánwò WAEC ní Nàìjíríà, bébà kan wà fún Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Oral. Ìbéèrè 60 ni, akẹ́kọ̀ọ́ á mú ìdáhùn láàrin èyí tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Kò ní la ẹnu rárá títí yóò fi jáde. Kíkọ náà ni ti Yorùbá. Mi ò dá àwọn tó ṣètò rẹ̀ lẹ́bi, nítorí gbígbọ́ ohùn ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n máàkì tí olùkọ́ ń fúnni nínú sáà wà lọ́wọ́ olùkọ́. Bí àwọn ọmọ bá ti ń ná ọjà tàbí jẹ́ iṣẹ́, ẹ mú ọmọ 5 péré lọ́jọ́ kan, ẹ fetí sí wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ṣé ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ gbọ́ ohun tó ń wí? Ṣé ohùn rẹ̀ tọ́ débi tí ọ̀rọ̀ ò fi yí padà? Ṣé ó mọ ẹni tí à ń pè ní "ẹ" àti ẹni tí à ń pè ní "o"? Nígbà tí ọ̀rọ̀ há, ṣé ó wá ọ̀nà mìíràn gbà, tàbí ó sá sínú Gẹ̀ẹ́sì? Máàkì 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 20 lápapọ̀. Bí iṣẹ́ Yorùbá bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ gbogbo ọmọ 50 kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé, ẹ ó sì lè yí wọn ká lẹ́ẹ̀mẹta kí sáà tó parí. Ẹ kọ máàkì kìíní, ìkejì àti ìkẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé yín, kí ẹ sì fi han òbí lọ́jọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́.